Orí Kẹrin: Bí A Ṣe Ń Ròyìn Ẹyẹ fún Ẹgbẹ́ ní Àbújá

Ẹni tí a kọ orí yìí fún ni ẹni tó ti ra bainókúlà, tó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ẹyẹ ní Àbújá, tó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó ń rí ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. A ti sọ̀rọ̀ aṣọ, bàtà àti àkókò tó dára láti jáde ní àwọn orí tó ṣáájú. Ohun tó kàn báyìí ni ohun tó yẹ kó o kọ, ohun tí kò yẹ kó o kọ, àti bó ṣe yẹ ká máa bá ara wa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ìròyìn bá ti dé iwájú gbogbo ẹgbẹ́.

Òfin kan ló bí gbogbo òfin tó kù: sọ ohun tí o rí gẹ́gẹ́ bí o ṣe rí i, má sì jẹ́ kí ìròyìn rẹ pa ẹyẹ lára tàbí kó dójú ti ènìyàn. Bó o bá di èyí mú, ìyókù kò ní ṣòro.

Ibi tí ìròyìn rẹ ń lọ

Láti ọdún 2015 ni Nigerian Bird Atlas Project, tí gbogbo wa ń pè ní NiBAP, ti ń ṣe àwòrán ilẹ̀ tó ń fi ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ń gbé ní Nàìjíríà hàn. A. P. Leventis Ornithological Research Institute, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ tó wà létí igbó Amurum ní Laminga, lẹ́bàá Jos, ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́, oníṣòwò àti àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Áàpù BirdLasser lórí fóònù ni wọ́n fi ń kọ ẹyẹ sílẹ̀. Bí o bá ti tẹ orúkọ ẹyẹ, áàpù náà á fi ibi tí o dúró sí àti aago pamọ́ fúnra rẹ̀, kódà bí kò bá sí dátà lórí fóònù rẹ. Gúúsù Áfíríkà ni a ti kọ́ ìlànà iṣẹ́ yìí. Wọ́n ṣe àkọ́kọ́ irú àwòrán ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ láàárín 1987 sí 1991, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìkejì ní 2007.

Igun mẹ́rin-mẹ́rin ni a pín ilẹ̀ sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní pentad, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 9. Ilẹ̀ Àbújá, láti Abaji títí dé Bwari, lé ní 7,000 kìlómítà níbùú lóròó, nítorí náà pentad tó wà nínú rẹ̀ ju 80 lọ. Kí àkójọ rẹ tó lè jẹ́ àkójọ tó kún, ó kéré tán wákàtí 2 ni wàá fi wo ẹyẹ nínú pentad kan. Wàá dé oríṣiríṣi ibi tó wà nínú rẹ̀ bí agbára rẹ bá ṣe mọ: etí omi, oko, igbó, àárín ilé. Bí ẹyẹ bá ṣe ń yọ sí ọ ni wàá ṣe máa kọ wọ́n tẹ̀ léra, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni ẹyẹ kọ̀ọ̀kan máa wọ inú àkójọ náà. O lè máa fi ẹyẹ tuntun kún un títí ọjọ́ 5 yóò fi pé, lẹ́yìn náà kó o bẹ̀rẹ̀ àkójọ mìíràn.

Ohun tó fà á tí a fi ń tẹnu mọ́ kíkọ gbogbo ẹyẹ tí o bá rí ni pé àwọn tó ń ṣe ìwádìí máa ń wo iye àkójọ tí ẹyẹ kan ti fara hàn nínú gbogbo àkójọ tó wá láti pentad kan. Bí o bá fo lékeléke, kannakánná àti ológoṣẹ́ nítorí pé ojoojúmọ́ lò ń rí wọn, tí o wá kọ kìkì ẹyẹ tó yà ọ́ lẹ́nu, lójú ẹni tó bá ka àkójọ rẹ, lékeléke ti kúrò ní Gwagwalada nìyẹn. Ẹ̀kọ́ tí igún kọ́ wa kò kéré. Nígbà kan, kò sí odò ẹran ìlú ńlá tí igún kì í bà sí lórí òrùlé, ẹnikẹ́ni kò sì ka kíkọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sí nǹkan. Nígbà tó wá ń pòórá, àkọsílẹ̀ tí à bá fi mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù kò tó nǹkan. Nítorí náà, ẹyẹ tó wọ́pọ̀ ni kó o kọ́kọ́ kọ.

Bí o bá ń ṣiyè méjì bóyá àkọsílẹ̀ ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè ní láárí, wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1900. Ó ti mọ́ àwọn ènìyàn lára níbẹ̀ láti jáde lọ yìnbọn pa ẹyẹ ní ọjọ́ ọdún. Onímọ̀ ẹyẹ kan, Frank Chapman, sọ fún wọn pé kí wọ́n máa ka ẹyẹ dípò kí wọ́n máa pa á, ènìyàn 27 sì jẹ́ ìpè rẹ̀. Wọn ò tíì dá kíkà náà dúró láti ìgbà náà wá, inú àwọn ìwé tí àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kọ sì ni a ti ń mọ ẹyẹ tó ń pọ̀ sí i àti èyí tó ń dínkù níbẹ̀ lónìí.

Ohun mẹ́fà tí ìròyìn gbọ́dọ̀ ní

Yálà BirdLasser lo fi ránṣẹ́ sí tàbí ẹgbẹ́ WhatsApp, rí i dájú pé àwọn nǹkan wọ̀nyí wà nínú rẹ̀:

1. Ibi tí o ti rí ẹyẹ náà. Bí ẹnìkan bá kọ «Àbújá» lásán, kò tíì sọ ibì kankan. Kọ orúkọ àdúgbò, adágún, ọgbà tàbí abúlé. (Àwọn ẹyẹ kan wà tí a kì í kọ ibi tí wọ́n wà, a óò dé orí wọn láìpẹ́.)

2. Ọjọ́ àti aago. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí o rí ní oṣù Kẹjọ àti èyí tí o rí ní oṣù Kejìlá lè máà jẹ́ irú kan náà. Àwọn kan ń bá wa gbé yípo ọdún. Àwọn mìíràn ń sá fún òtútù Yúróòpù, wọ́n ń dé ọ̀dọ̀ wa ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá, wọ́n sì ń padà nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ọjọ́ tí o kọ síbẹ̀ ni yóò ran ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́.

3. Irú ẹyẹ tó jẹ́. Kọ orúkọ tí áàpù ń lò, kó o sì fi orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé yín tì í. Yorùbá, Hausa, Igbo, Gbagyi àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ló wà nínú ẹgbẹ́ wa. Orúkọ ìbílẹ̀ ń kọ́ gbogbo wa lọ́gbọ́n, orúkọ inú áàpù ni kì í jẹ́ ká ṣì í.

4. Iye rẹ̀. Kà á. Bí ó bá pọ̀ kọjá kíkà, kọ iye tí o fojú bù, kó o sì sọ pé ojú lo fi bù ú. «Bí 30» yé ènìyàn ju «wọ́n pọ̀ gan-an» lọ.

5. Bí o ṣe dá a mọ̀. Ṣé ojú lo fi rí i ni àbí etí lo fi gbọ́ ọ? Kí ni o rí lára rẹ̀: àgógó, ìrù, ẹsẹ̀, àwọ̀ àyà? Ṣé fọ́tò wà?

6. Bó ṣe dá ọ lójú tó. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé nìyí, òun ló sì ṣe pàtàkì jù.

Wo ìròyìn méjì yìí. Ẹni àkọ́kọ́ kọ pé: «Mo rí àwòdì kan lónìí o! Ẹ wo fọ́tò.» Kò sí ibi, kò sí aago, kò sì sí ohun tí a lè dì mú. Ẹnì kejì kọ báyìí:

«Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Adágún Jabi, Sátidé, 6:50 sí 7:10 àárọ̀. Àwòdì méjì ń rà bàbà lórí omi. Àgógó ọ̀kan jẹ́ yẹ́lò, ó hàn kedere, mo sì ti kọ ọ́ sínú BirdLasser ní Yellow-billed Kite. Ti èkejì dúdú, àmọ́ ó jìnnà sí mi, kò dá mi lójú, n kò sì tíì kọ ọ́. Fọ́tò mẹ́ta rèé. Kí lẹ rí sí i?»

Ìròyìn kejì yìí gba ìṣẹ́jú méjì péré láti kọ, àmọ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè kà á lọ́dún tó ń bọ̀ kó sì yé e dáadáa.

Iyì tó wà nínú «kò dá mi lójú»

Kò sí ohun ìtìjú nínú kó o sọ pé o ò mọ ẹyẹ kan. Ìtìjú tó wà níbẹ̀ ni kó o fi orúkọ sí ohun tí o ò mọ̀ nítorí kí wọ́n lè yìn ọ́. Bí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wọ inú àwòrán ilẹ̀, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹlòmíràn á sì máa fi ṣe ẹ̀rí.

Àwọn ẹyẹ kan wà ní Àbújá tó máa ń tan ènìyàn jẹ. Àwòdì tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè jẹ́ ọ̀kan. Nígbà ẹ̀rùn, àwọn ti ilẹ̀ wa tí àgógó wọn jẹ́ yẹ́lò àti àwọn tó wá láti Yúróòpù tí àgógó wọn dúdú lè jọ wà ní ojú ọ̀run kan náà. Àmọ́ àgógó àwọn ọmọ ẹyẹ ti ilẹ̀ wa náà máa ń dúdú kí wọ́n tó dàgbà, nítorí náà àgógó dúdú nìkan kò tó láti fi dájọ́. Ẹyẹ mìíràn ni èyí tí áàpù ń pè ní Northern Red Bishop. Nígbà òjò, akọ rẹ̀ máa ń pupa fòò, orí àti ikùn rẹ̀ á sì dúdú. Nígbà tí ẹ̀rùn bá dé, gbogbo ẹwà yẹn á bọ́ lára rẹ̀, á wá rí bí ológoṣẹ́ lásán. Ẹ̀gà àti ọ̀pọ̀ ẹbí rẹ̀ náà ń pààrọ̀ àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá rí ọ̀wọ́ ẹyẹ kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀ ní Kuje ní oṣù Kejì, kò sí ẹni tó máa bá ọ wí bí o bá kọ pé: «Ó jọ ẹbí ẹ̀gà, n kò mọ èyí tó jẹ́ nínú wọn.»

Kọ ohùn tí o gbọ́ pẹ̀lú. Ohùn ló jẹ́ kí ayé mọ ẹyẹ kan tó jẹ́ ti Nàìjíríà. Àwọn ẹyẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní indigobird, inú ìtẹ́ ẹyẹ mìíràn ni wọ́n ń yé ẹyin sí, ọmọ tí wọ́n bá sì pa níbẹ̀ ń kọ́ orin ẹyẹ tó tọ́ ọ dàgbà. Onímọ̀ ẹyẹ kan, Robert Payne, fetí sí àwọn indigobird lórí òkè Jos, ó sì rí i pé orin tí wọ́n ń sín jẹ kì í ṣe ti ẹyẹ kankan tí ìwé ti dá mọ̀ nígbà náà. Ó tọ ipasẹ̀ ohùn yẹn lọ títí ó fi kan Rock Firefinch, tí ìwé ìmọ̀ ẹyẹ kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1998. Bí ohùn kan bá ṣàjèjì sí ọ, fi fóònù gbà á sílẹ̀, kó o fi ránṣẹ́, kó o sì sọ ibi tí o ti gbọ́ ọ. Áàpù tó ń sọ pé òun mọ ohùn ẹyẹ lè tọ́ ọ sọ́nà, àmọ́ má ṣe kọ ẹyẹ kan sílẹ̀ nítorí pé áàpù sọ bẹ́ẹ̀ nìkan.

Ohun tí a kì í kọ síta

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí a máa sọ ní ìpín yìí, síbẹ̀ a kì í kọ wọ́n síwájú gbogbo ènìyàn. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀; àwa tí a mọ ibi tí wọ́n sùn sí la ò gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà han olókò.

Igún ló ṣáájú. Láti ọdún 2015 ni àjọ IUCN ti ka Hooded Vulture, igún tí a mọ̀ jù lọ nílẹ̀ wa, mọ́ àwọn ẹyẹ tó wà ní bèbè ìparun. Májèlé wà lára ohun tó ń pa wọ́n, wọ́n sì ń tà wọ́n fún oògùn àti ètùtù. Ní Guinea-Bissau, láàárín òpin 2019 àti 2020, ó lé ní 2,000 igún tí májèlé pa. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Nigerian Conservation Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980, ti ń bá àwọn oníṣègùn àti ọlọ́jà sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n lo ewé àti egbò dípò igún. Bí o bá rí igún, kọ ọ́ sínú BirdLasser. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, má kọ igi tó sùn sí, má kọ ibi tó yé ẹyin sí, má sì fi fọ́tò tó fi ilé tàbí àmì ibẹ̀ hàn ránṣẹ́. Ó tó kó o kọ pé: «Mo rí igún mẹ́ta nínú agbègbè Kwali lọ́sẹ̀ yìí.» Ẹni tó bá nílò ibẹ̀ fún iṣẹ́ gidi, á bá àwọn alábòójútó sọ̀rọ̀.

Òwìwí ló tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹyẹ àjẹ́ ni, òmíràn á sì gbé òkò tàbí iná lọ bá a bó bá gbọ́ ibi tó wà. Má kọ orúkọ ilé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gbé. Bí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ bá sọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù nípa òwìwí, má fi í ṣẹ̀sín. Jẹ́ kó mọ̀ pé eku ni oúnjẹ rẹ̀, àti pé ọ̀tá eku ni ẹyẹ tó bá ń gbé nítòsí àká.

Òfin kan náà ló de ìtẹ́ ẹyẹ èyíkéyìí. A kì í fi fọ́tò ẹyin tàbí ọmọ ẹyẹ tó wà nínú ìtẹ́ ránṣẹ́, nítorí pé bí a bá yin ẹnìkan fún un, ẹni mẹ́wàá ló máa lọ wá tiwọn. Ìyá ẹyẹ tó bá fò kúrò lórí ẹyin nígbà tí oòrùn Àbújá ń ta lè bá ẹyin rẹ̀ nínú ìbàjẹ́ nígbà tó bá padà. Má sì máa fi fóònù kọrin ẹyẹ sí i léraléra kó lè jáde. Ó máa rò pé ọ̀tá ló wọ ilé òun, á sì fi oúnjẹ sílẹ̀ wá jà.

Má gbàgbé fóònù rẹ. Kámẹ́rà lè kọ ibi tí a ti ya fọ́tò sínú fọ́tò fúnra rẹ̀, bí o bá sì fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, àdírẹ́sì náà á bá a lọ. Lọ sí ètò kámẹ́rà rẹ, kó o pa location.

Bí o bá rí ẹyẹ tí wọ́n ń tà ní ọjà, má kọ iye owó rẹ̀ sínú ẹgbẹ́, má sì rà á láti dá a sílẹ̀. Owó tí o san ni ọlọ́jà máa fi ránṣẹ́ pe ẹni tó ń dẹ pàkúté pé kó mú òmíràn wá. Òdídẹrẹ́ ni àpẹẹrẹ tó burú jù: nítorí bí wọ́n ṣe ń kó o tà ni ìpàdé àdéhùn àgbáyé CITES ti ọdún 2016 ṣe gbé e sí ipò tí ìdíwọ́ òwò rẹ̀ le jù lọ láàárín orílẹ̀-èdè. Kàn sí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá níbí, tàbí kó o sọ fún alábòójútó ẹgbẹ́.

Ààbò àwa tí à ń wo ẹyẹ

Ìlú àwọn aláṣẹ ni Àbújá, ẹni tó bá sì dúró létí ọ̀nà tó ń fi bainókúlà wo òkè lè kó ara rẹ̀ sí wàhálà. Má ya fọ́tò, má sì gbé bainókúlà sójú lágbègbè Aso Rock àti Three Arms Zone, ní bárékè, tàbí ní ẹ̀bá pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe. Gba ìyọ̀ǹda kó o tó wọ ibi ìsédò Usuma, nítorí ibẹ̀ ni omi tí Àbújá ń mu ti ń wá. Bí ẹ̀ṣọ́ kan bá dá ọ dúró, kí i, fi ìwé ẹyẹ rẹ hàn án, ṣe àlàyé, má ṣe bá a jiyàn. Fọ́tò tí ilé ìjọba tàbí ẹ̀ṣọ́ bá wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹgbẹ́.

Má sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ ibi tí o wà nígbà tí o ṣì wà níbẹ̀, pàápàá bí o bá lọ sí oko tàbí ìgbèríko. Kó o tó jáde, sọ fún ẹni kan tàbí méjì tí o fọkàn tán ibi tí ò ń lọ àti ìgbà tí wàá padà. Ìròyìn fún ẹgbẹ́ lè dúró di ìgbà tí o bá délé. Ẹ má ṣe dá lọ sí ibi tó jìnnà. Ẹ lọ ní méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú ẹni tó mọ ilẹ̀ ibẹ̀.

Bí o bá wọ abúlé Gbagyi, ọ̀dọ̀ Mai Unguwa, olórí àdúgbò, ni kó o kọ́kọ́ lọ. Kí i, sọ ohun tó gbé ọ wá, kó o sì fi ẹyẹ inú ìwé hàn án. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni irú àgbà bẹ́ẹ̀ máa sọ ibi tí ẹyẹ náà ń mu omi fún ọ. Bí o bá wá ń kọ ìròyìn, má kọ orúkọ rẹ̀ tàbí fi fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀ àfi bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀

Kí ènìyàn kó o tó sọ̀rọ̀ ẹyẹ, ó kéré tán nígbà àkọ́kọ́ lójúmọ́. Lẹ́yìn náà, kọ ọ́ ní ṣókí. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ń jẹ dátà, ẹni tó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ kò lè gbọ́ ọ. Má fi nǹkan ránṣẹ́ láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago márùn-ún àárọ̀. Ìpolówó ọjà, ọ̀rọ̀ òṣèlú, ìròyìn tí a ò mọ orísun rẹ̀ àti àdúrà tí wọ́n ní ká fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá kò ní àyè níbí. Mùsùlùmí wà nínú ẹgbẹ́, Kristẹni wà níbẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú oríṣiríṣi náà wà níbẹ̀. Ẹyẹ ló kó wa jọ. Bí o bá fi èdè Yorùbá kọ nǹkan, kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sábẹ́ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kan máa ń yọjú bí ẹnìkan bá fi fọ́tò àparò tàbí awó ránṣẹ́: «Èyí á dùn lọ́bẹ̀ o!» Ẹni tó sọ ọ́ lè máà ní ibi lọ́kàn, àmọ́ ẹni tó jí ní aago márùn-ún kó lè rí ẹyẹ náà kò fẹ́ gbọ́ ọ, ẹni tó ń dẹ pàkúté sì lè wà níbẹ̀ tó ń kà á. Ẹ má dá a lóhùn pẹ̀lú èébú. Kí alábòójútó kọ sí i ní kọ̀rọ̀.

Àtúnṣe ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le jù. Bí àgbà bá pe àwòdì ní idì, báwo ni ọmọdé ṣe máa sọ ọ́? Kó bẹ̀rẹ̀ láti inú fọ́tò, kó sì fi ìbéèrè ṣe é: «Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Fọ́tò yín mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ìrù rẹ̀ nínú ìkejì. Ó dà bíi pé ó là ní àárín. Ṣé kò ní jẹ́ àwòdì?» Ẹ̀gbọ́n tó gbọ́n á dúpẹ́, á tún un kọ. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ló ṣì í, àgbà kò gbọ́dọ̀ sọ pé «ìwọ lásán-làsàn». Kó sọ pé: «Àbúrò, o kú akitiyan. Wo ìrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó o sọ ohun tó o rí.» Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Bí àríyànjiyàn bá sì kọjá ìdáhùn mẹ́ta láìyanjú, ẹ gbé fọ́tò náà fún ẹni tó mọ ẹyẹ jù, kí ẹ sì gba ohun tó bá sọ.

Ìbéèrè ẹni tuntun kì í pọ̀ jù. Bí ẹnìkan bá béèrè ẹ̀ẹ̀kẹwàá pé kí ni ẹyẹ funfun tó ń tẹ̀ lé màlúù, dá a lóhùn pé lékeléke ni, kó o sì sọ ohun kan tí kò tíì mọ̀ nípa rẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣì wà nínú ẹgbẹ́ lónìí, irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ló mú wọn dúró.

Fọ́tò ẹlòmíràn kì í ṣe tìrẹ. Òfin Copyright Act ti ọdún 2022 dáàbò bo fọ́tò pẹ̀lú. Tọrọ àyè kó o tó gbé e lọ síbòmíràn, kó o sì kọ orúkọ ẹni tó yà á. Bí o bá rí fọ́tò ẹyẹ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, má fi ránṣẹ́ bí ẹni pé Àbújá ni wọ́n ti yà á. Irú èyí ti ń fa àkọsílẹ̀ èké.

Bí ìròyìn rẹ bá ní àṣìṣe

Má pa á rẹ́ láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó ti kà á lè ti gbé e lọ. Fa ìròyìn àkọ́kọ́ yọ, kó o kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: «Àtúnṣe: ẹyẹ tí mo pè ní idì ní àárọ̀ yìí, àwòdì ni. Ẹ ṣeun.» Lẹ́yìn náà, lọ tún un ṣe nínú BirdLasser. Bí olùyẹ̀wò NiBAP bá kọ̀wé béèrè ẹ̀rí nípa ẹyẹ kan tí wọn kò retí ní àgbègbè rẹ, má bínú. Kò pè ọ́ ní òpùrọ́. Ohun tó ń béèrè ni fọ́tò, ohùn, tàbí àpèjúwe tí o kọ nígbà tí ẹyẹ náà ṣì wà níwájú rẹ. Bí kò bá sí èyíkéyìí, gbà kí wọ́n yọ ọ́.

Fún àwọn alábòójútó

Ẹ kọ òfin ẹgbẹ́ sí ibi tí ẹni tuntun á ti kọ́kọ́ rí i, kó má ju ojú ìwé kan lọ. Bí ẹnìkan bá rú u, ẹ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ sì sọ ìdí tí òfin náà fi wà. Bí ó bá tún ṣe é, ẹ rán gbogbo ẹgbẹ́ létí òfin náà láì dárúkọ rẹ̀. Ìgbà kẹta ni kí ẹ tó yọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo la kì í fún ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀mẹta: ẹni tó bá ń wá ibi tí igún tàbí òdídẹrẹ́ wà kó lè tà wọ́n. Ọjọ́ tí ó bá hàn ni kí ẹ yọ ọ́.

Kó o tó tẹ bọ́tìnì

Ka ìròyìn rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó o sì dáhùn àwọn ìbéèrè yìí:

– Ṣé ibi, ọjọ́, aago àti iye wà nínú rẹ̀?
– Ṣé mo sọ bí mo ṣe dá ẹyẹ náà mọ̀, àti bó ṣe dá mi lójú tó?
– Ṣé ẹnikẹ́ni lè fi ìròyìn yìí wá ìtẹ́, igún tàbí òwìwí kàn?
– Ṣé mo ti kúrò níbẹ̀?
– Ṣé ilé ìjọba, ẹ̀ṣọ́, tàbí ẹni tí kò gbà kí n ya òun wà nínú fọ́tò?
– Bí mo bá ń tún ẹlòmíràn ṣe, ṣé mo lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lójú rẹ̀ níwájú àwọn ará ilé rẹ̀?

Ní Sátidé tó ń bọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti inú pentad tí ilé rẹ wà. Jáde ní aago mẹ́fà ààbọ̀, lo wákàtí 2, kọ ológoṣẹ́ orí òrùlé rẹ ṣáájú gbogbo ẹyẹ. Bí ẹyẹ márùn-ún péré bá dá ọ lójú, márùn-ún ni kó o kọ. Lẹ́yìn oṣù kan, padà sí ibẹ̀ kó o tún un ṣe, nítorí pé àkójọ kan ń sọ ohun tó wà níbẹ̀, àmọ́ bí àkójọ bá ń tẹ̀ léra láti ibì kan náà, ìgbà náà ni a tó lè mọ ohun tó ń kúrò níbẹ̀, nígbà tí àyè ṣì wà láti ṣe nǹkan sí i.